Ẹni Tó Gbá Igi Lulẹ̀ Kò Tíì Kúrò Nínú Eré

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi àpéjọ ọdọọdún

Mo rí i pé irun àwọn kan ti ń funfun, ikùn àwọn kan sì ti ń ṣáájú wọn wọlé. A dúpẹ́ pé ojú ṣì ríra.

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè ki àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wa láyà láti kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ mọ̀ pé akọ̀ròyìn ni mí, poli ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. N kì í ṣe dókítà, n kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni kó wo nǹkan dáadáa, kó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Orí pápá eré ìdárayá ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọmọ wa, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Eré ìje onígi ìdènà, tí gbogbo wa mọ̀ sí hurdles, ni Tobi ń sá. Ní ọdún 2019, níbi ìdíje àgbáyé ní ìlú Doha, ipò kẹrin ló gbà. Olíńpíìkì ti Tokyo dé ní 2021, ipò kẹrin náà ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ipò kẹrin ṣe ń dunni tó: kò sí góòlù, kò sí fàdákà, bàbà pàápàá kò kàn án. Àfi ìgbà tó di July 24, 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, tó sá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Obìnrin kan kò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. 12.20 tí Kendra Harrison ti Amẹ́ríkà sá ní 2016 ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, Tobi sá àṣekágbá ní 12.06, ó sì gba góòlù.

Ẹ wá gbọ́ o. 12.06 yá ju 12.12 lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ 12.12 ni wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé? Atẹ́gùn ni. Nígbà àṣekágbá, atẹ́gùn ń ti àwọn eléré láti ẹ̀yìn ní mítà 2.5 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, òfin sì ní kò gbọdọ̀ ju 2.0 lọ. Ọmọbìnrin tí èyí bá yé ti bẹ̀rẹ̀ físíìsì, òun ni kò tíì mọ̀.

Ẹ tún wo ọ̀nà eré náà fúnra rẹ̀. Igi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 83.8 sẹ̀ǹtímítà. Láti ojú ìlà tí wọ́n ti gbéra dé igi àkọ́kọ́, mítà 13 ni. Láàrin igi kan sí èkejì, mítà 8.5. Láti igi ìkẹyìn dé òpin, mítà 10.5. Ẹ rò ó pọ̀, 100 ló máa jẹ́. Ẹni tó bá fò ga jù yóò pẹ́ lókè, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tó wà lókè kò rí ilẹ̀ tì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀gá eré náà fi ń fò bí ẹni tó kàn fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí igi. Gbogbo rẹ̀, ìṣirò ni.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú eré náà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Bí eléré bá gbá igi lulẹ̀, tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọn kì í lé e jáde. Ẹsẹ̀ á dùn ún, yóò pàdánù àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú eré. Igi tó kàn ló ń wò.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má bínú sí mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì? Ẹ̀yin tí a jọ wọ SS1, ẹ rántí iye ọmọbìnrin tó jókòó sí kíláàsì náà. Nígbà tí a fi dé SS3, ẹ lè fi ìka ọwọ́ kà wọ́n. Àwọn tó kúrò kò ya òpè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba máàkì tí kò dára ní físíìsì lẹ́ẹ̀kan péré, ilé sì ní, “Ṣebí a ti sọ fún ọ? Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn.” Igi kan péré ni wọ́n gbá lulẹ̀, a sì ní kí wọ́n kúrò lórí pápá.

Ẹnìkan lè sọ pé eré ọ̀tọ̀, ìwé ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ obìnrin kan, Junko Tabei, ọmọ ilẹ̀ Japan. Ara rẹ̀ kò le ní kékeré, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí olùkọ́ kan kó wọn lọ gun òkè, láti ìgbà náà ni òkè ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá owó láti lọ gun òkè Everest, àwọn kan ní kí wọ́n lọ jókòó tọ́ ọmọ. Wọ́n lọ ná. Ní May 4, 1975, yìnyín ya lulẹ̀ láti orí òkè, ó sì bo àgọ́ wọn mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń tọ́ wọn sọ́nà ló wú Tabei jáde, kò tilẹ̀ mọ ibi tó wà mọ́. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà, ní May 16, ó dé góńgó orí òkè náà. Obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀ nìyẹn.

Ibi tó wọ ọ̀rọ̀ wa nìyí: ó rí ìdọ̀tí tí àwọn tó ń gun òkè ń dà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó padà sí ilé-ìwé, ní Yunifásítì Kyushu, ó sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 2000 lórí bí ìdọ̀tí yẹn ṣe ń ba Everest jẹ́. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni nígbà náà. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e débẹ̀, ìbéèrè sáyẹ́ǹsì ló sì gbé sọ̀kalẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, bí ọmọbìnrin kan bá gbá igi lulẹ̀ ní físíìsì tàbí ìṣirò, kí a má tíì mú un kúrò. Kí ọ̀kan nínú wa tó mọ iṣẹ́ náà fi táàmù kan kọ́ ọ lẹ́sìnnì. Kí a wò ó bí kóòṣì ṣe ń wo eléré: ibo gan-an lẹsẹ̀ ti kọ igi?

Èkejì, ní ọjọ́ inter-house sports, kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì sáyẹ́ǹsì di tépù àti stopwatch mú. Kí wọ́n ka bí ọkàn ṣe ń lù kí eléré tó sáré, kí wọ́n tún kà á lẹ́yìn eré. Kí àwọn náà sì sáré. Lórí pápá, ọmọ tó sá 16 lóṣù yìí lè sá 15.5 lóṣù tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ ló sì máa fi rí i pé ìgbìyànjú ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti fi ara rẹ̀ rí i kò ní gbà fún ẹni tó bá ní ọpọlọ òun kò lè yí padà.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin obìnrin wa tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, apoògùn, ẹ wá sọ ipò kẹrin tiyín fún wọn. Ẹ má sọ ti góòlù nìkan. Wọ́n ti ń gbọ́ ìyẹn lórí rédíò.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo bá dúró sí kíláàsì náà lọ́dún yìí nítorí pé a wà lẹ́yìn rẹ̀, owó ọkọ̀ tí a san wá síbí kò ṣòfò. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká tún ríra lọ́dún tó ń bọ̀, a ò ní dín níye.