Oògùn Wà Lórí Àtẹ, Ta Ni Yóò Gbé E Dé Hillbrow?

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ààrẹ tuntun ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí àṣẹ pé kí a dá owó ìrànlọ́wọ́ tí ilẹ̀ náà ń ná ní òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ilé ìwòsàn kan fi ti ilẹ̀kùn ní Johannesburg, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Lára wọn ni àwọn tí ẹ̀ka ìwádìí ìlera ti Yunifásítì Witwatersrand dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí ń ṣe òwò nàbì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó gbọ́ ìròyìn náà lè wí pé kò kan àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru.

Wúrà ni ó dá ìlú Johannesburg sílẹ̀ ní ọdún 1886. Àwọn ọkùnrin wá láti Lesotho, Mozambique àti Malawi láti wa kùsà. Inú àgọ́ ni a kó wọn sí, láìsí aya, láìsí ọmọ. Níbi tí owó àti ìdánìkanwà bá ti pàdé, òwò nàbì kì í jìnnà síbẹ̀. Lónìí, àdúgbò Hillbrow, tí ó kún fún ilé gogoro àti òtẹ́ẹ̀lì, ni a mọ̀ jù fún òwò yìí. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà wá láti Zimbabwe àti láti àwọn ìletò tí iṣẹ́ ti wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ní ọmọ tí wọ́n ń bọ́ nílé.

Ìwádìí tí a ṣe ní ọdún 2013 sí 2014 fi hàn pé nǹkan bí 72 nínú 100 àwọn obìnrin wọ̀nyí ní Johannesburg ni ó ní kòkòrò àrùn HIV. Àwọn ọkùnrin tí ń lọ bá wọn sì ní aya àti àfẹ́sọ́nà nílé.

Báwo ni a ṣe ń dá irú iná bẹ́ẹ̀ dúró? Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń lọ sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì Hillbrow láti tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí aráyé ń fi ṣẹ̀sín kì í sọ àṣírí rẹ̀ fún àlejò. Nítorí náà ni a ṣe yan àwọn kan láàárín àwọn obìnrin náà fúnra wọn, tí a kọ́ wọn, tí a sì fún wọn ní owó díẹ̀ kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mọ yàrá tí ó yẹ kí ó kàn, ó sì mọ wákàtí tí ó yẹ kí ó kàn án. Ó ń pín rọ́bà ìdáàbòbò. Ó ń kọ́ ọmọge tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ohun tí yóò wí fún oníbàárà tí ó fẹ́ fi owó kún owó kí a má baà lo rọ́bà. Ó ń ṣàlàyé pé àtọ̀sí lè wà lára láìfi ara hàn. Pé ẹni tí ó bá ń lo oògùn HIV rẹ̀ lójoojúmọ́, títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ní kó o ran ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀. Àti pé láti oṣù kẹfà ọdún 2016 ni ìjọba ti ń fún àwọn tí kò tí ì ní i ní oògùn tí ń dènà rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹnì kan láti lọ ṣe àyẹ̀wò, òun ni yóò sìn ín lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ohun tí dókítà kò lè ṣe ni obìnrin yìí ń ṣe. Ní Sonagachi, ní ìlú Kolkata ní ilẹ̀ Íńdíà, irú ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1992, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé.

Òfin ni ìdènà kìíní. Òfin kan tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe ní ọdún 1957, tí a sì ti tún ṣe lẹ́yìn náà, ni ó sọ òwò yìí di ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 2007 ni a fi oníbàárà pàápàá kún un. Àwọn obìnrin náà ti ròyìn lọ́pọ̀ ìgbà pé àwọn ọlọ́pàá ń gba rọ́bà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń fi í ṣe ẹ̀rí. Báyìí ni apá kan ìjọba ń pín ohun tí apá kejì ń gbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba gbé àbá kan jáde láti pa òfin náà rẹ́, ṣùgbọ́n sáà ìjọba náà parí ní ọdún 2024 láìjẹ́ pé àbá ọ̀hún di òfin.

Owó ni ìdènà kejì. Ìjọba Gúúsù Áfíríkà fúnra rẹ̀ ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú oògùn HIV tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lò. Kí owó Amẹ́ríkà tó dúró ní ọdún 2025, ìpín rẹ̀ nínú gbogbo ìnáwó lórí àrùn náà kò ju nǹkan bí 17 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n ìpín kékeré yìí ni ó ń san owó ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rìn láti ilé dé ilé nígbà náà. Nígbà tí owó náà dúró, oògùn kò tán lórí àtẹ. Ẹsẹ̀ tí ń gbé e lọ ni a gé.

Àwọn kan yóò wí pé ìwà ẹ̀ṣẹ̀ ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ń gbè lẹ́yìn. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti kórìíra òwò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku. Ìwàásù kò pa kòkòrò àrùn rí, ẹ̀wọ̀n kò sì wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ìjọba tí ó bá ń ra oògùn, tí ó sì fi owó oṣù ẹni tí ń gbé oògùn náà lọ sí ọwọ́ àjèjì, ti fi ẹ̀mí àwọn ènìyàn rẹ̀ dógò. Kí a kọ orúkọ àwọn obìnrin akọ́ni wọ̀nyí sínú ìwé òṣìṣẹ́ ìjọba, kí a sì ká òfin kúrò lọ́nà wọn. Iye tí wọn yóò gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí a ó ná lórí àwọn tí wọn kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn.