Etí Ló Ń Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ìyá wa gbogbo, mo mọ̀ pé àtẹ ń dúró dè yín, ààfin Déjì sì nìyí nítòsí wa, nítorí náà n kò ní í pariwo, n kò sì ní í pẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró níwájú obìnrin kan tó ń ta ata àti ìgbá nínú ọjà yìí. Ó pọn ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Ọmọ náà nawọ́ sí àtẹ, ó ní, "Ìbá! Ìbá!" Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó mú ìgbá kan, ó fi í lé e lọ́wọ́. Oníbàárà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí ò tíì lè sọ̀rọ̀." Mo ní, "Ó ti ń sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n." Ohun tó kù sí i lẹ́nu ni "gb", tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ní láti jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún ẹnu kékeré. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ náà pé ṣánṣán: ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà òkè. Ká ní ohùn àárín ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, igbá ni ìyá rẹ̀ ì bá gbé fún un. Ká ní àárín méjì ni, ó di igba, ọ̀rọ̀ sì di ti owó.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọmọ yẹn sọ́kàn, nítorí ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju èyí lọ: inú etí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ dé ẹnu, ahọ́n la máa ń fẹ̀sùn kàn. A ó gbé ọmọ lọ bá ẹni tí yóò gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ahọ́n kì í sábàá jẹ̀bi.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1980, àwọn olùwádìí méjì, Anthony DeCasper àti William Fifer, so ọmú rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ fún àwọn ìkókó tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ láyé. Àwọn ìkókó náà ń fa ọmú ọ̀hún lọ́nà tí ẹ̀rọ yóò fi gbé ohùn ìyá tiwọn jáde, dípò ohùn obìnrin mìíràn. Inú oyún ni wọ́n ti mọ ohùn yẹn. Ní ọdún 2000, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Harrison gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Lingua. Ó fi ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé wé ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé etí tiwa ti ń ya ohùn sọ́tọ̀ lọ́nà tí etí tiwọn kì í gbà yà á. Ọmọ náà kò tíì rìn, kò tíì lè pe "gb", ó ti mọ̀ pé òkè kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ tí ẹ pọ̀n wá sọ́jà, iléèwé ló wà. "Èló ni?" "Ẹ san díẹ̀ sí i." "Kò gbà, ìyá mi." Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ létí. Àmọ́ ariwo ọjà nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá òun fúnra rẹ̀ sọ ló ń so èso jù: oríkì tí ẹ kì í láàárọ̀, "ta ni yẹn?" tí ẹ bi í, tí ẹ sì dákẹ́ kó dá yín lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ "aàà" lásán. Fóònù tí ẹ gbé fún un kó má baà sunkún kì í dákẹ́ dúró de ìdáhùn.

Ní oṣù méjì sí mẹ́ta, ọmọ á máa ṣe "uùù, aàà". Láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá, "bababa, mamama" á dé. Ọ̀rọ̀ tòótọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń jáde nígbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tàbí tó kọjá rẹ̀ díẹ̀. Tó bá fi máa di ọmọ ọdún méjì, á ti máa so méjì pọ̀: "omi tán", "màmá dà?" Lẹ́yìn ìyẹn ni "gbé e wá fún mi" á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin, àlejò pàápàá yẹ kó lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ibi tí mo ti ń bínú nìyí. Òdiwọ̀n tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gé e fún. Wọ́n á ní ọmọ ọdún báyìí gbọ́dọ̀ ti máa fi "s" sí ìdí ọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ju ẹyọ kan lọ. "S" wo ni ọmọ wa fẹ́ fi sí ìdí ewúrẹ́? Mo bá ìyá kan lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ọmọ wò nígbà kan. N kò ní í dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n fi àwòrán han ọmọ, wọ́n ní kó pè wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́ta péré ló mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó rẹ̀yìn, wọ́n sì ní kí ìyá rẹ̀ pa Yorùbá tì. Nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ bi í léèrè bí a ṣe ń béèrè ní Àkúrẹ́, ó na ìka sí ilé, ó ní "ulé", kò sì sí àwòrán tí kò mọ̀.

Èdè méjì kì í dá ọmọ dúró. Ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú méjèèjì, kí ẹ rò ó pọ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí etí. Ọmọ tí etí rẹ̀ di náà ń ṣe "uùù, aàà" ní oṣù mẹ́ta. Ìyẹn ló ń tan ìyá jẹ. "Bababa" ni kì í dé lásìkò. Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá kì í bímọ sí ọsibítù, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG, èyí tó ń fi àpá sí ọmọ lápá, ló lọ dúró dè wọ́n ní Èkó láti yẹ etí ọmọ wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìròyìn iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé wọn ní ọdún 2008. Wọ́n á ki ohun kékeré kan bọ ọmọ létí bó ti ń sùn. Á dún, etí tó pé á sì dá gbohùngbohùn padà. Kò dun ọmọ rárá.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tí ẹ ń ta káńfọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan láàárín wa kò lè fara da káńfọ̀ tí a kó sáàárín aṣọ ìkókó. Ẹ̀jẹ̀ á máa fọ́, ojú ọmọ á pọ́n bí epo tí a bu omi là, oró ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ náà á sì gun ọpọlọ lọ, á ba ọ̀nà ìgbọ́ràn jẹ́. Mo mọ̀ pé ọjà yín ni. Ẹ tà á fún ẹni tó fẹ́ fi sínú àpótí aṣọ òkè. Bí aboyún bá béèrè fún un, ẹ sọ fún un kó má kó o sáàárín aṣọ ọmọ.

Lálẹ́ òní, nígbà tí ilé bá dákẹ́, ẹ dúró lẹ́yìn ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́sàn-án, kí òjìji yín má bọ́ síwájú rẹ̀. Ẹ má pàtẹ́wọ́. Ọmọ tí etí rẹ̀ di díẹ̀ lè gbọ́ àtẹ́wọ́, kó má gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí kò bá yíjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí bí ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó pàtẹ.