Ìdánwò Tó Ń Gbé Ọmọ Bọ́ sí Ọdún Kejì ní Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ JUPEB ni a fẹ́ bá yín sọ, torí ọ̀pọ̀ yín ló ti ń tìtorí rẹ̀ yá owó.

Ọdún 2014 ni wọ́n ṣí i, Yunifásítì Èkó tó wà ní Akoka, nítòsí Fọlá Àgòrò wa níbí, ló ń darí rẹ̀. Ọmọ á kọ́ iṣẹ́ mẹ́ta fún nǹkan bí ọdún kan. Bó bá yege dáadáa, tó sì ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, ó lè wọlé sí ọdún kejì láì jókòó ṣe ìdánwò JAMB. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ra fọ́ọ̀mù Direct Entry ti JAMB. Ibí yìí ló ń rú ọ̀pọ̀ ìyá lójú. Máàkì tó ga jù ni 16. Ẹni tó bá gba 5 péré, ká má tan ara wa, Law ṣòro fún un.

Owó rẹ̀ kò kéré. Ọ̀kan nínú wa kó owó fún oní-lesson kan, kò mọ̀ pé orúkọ ọmọ òun kò sí níbì kankan. Títí di òní ló ṣì ń san ẹ̀yáwó náà lóṣooṣù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní yunifásítì fúnra yín. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó JUPEB báyìí, yóò mú ìwé ìgbàwọlé ọmọ wá kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i.