Iye Tó Dé Ọjà Ni Ká Máa Kà
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)



Púpọ̀ nínú wa ló ti dáko tòmátò sí Òkè-Ògùn. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa kó ẹrù láti agbègbè Ìsẹ́yìn lọ sí Bódìjà. Wọ́n to apẹ̀rẹ̀ lé ara wọn, ọkọ̀ sì ń yà kiri abúlé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kí ó tó dé Ìbàdàn, omi tòmátò ti ń ro sílẹ̀. Gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹni wa yìí. Òun ló ní ká sọ ọ́.

Báńkì ni àwa ti ń ṣiṣẹ́, ìṣirò la mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Apẹ̀rẹ̀ 100 wọ ọkọ̀, owó ọkọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦2,000. 30 fọ́, a ta 70 ní ₦20,000. Tí a bá yọ owó ọkọ̀, ó ku ₦1,200,000. Ká wá ní kéréètì oníke tó gba ìwọ̀n kan náà la lò: 80 péré ló wọlé, owó ọkọ̀ ₦3,000. 4 bàjẹ́, a ta 76. Ó ku ₦1,280,000. Ẹrù tó kéré ló mú owó tó pọ̀ wálé, ti 20 sì tún kù lóko.

Ọ̀nà ló kàn. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ kó ẹrù ní abúlé 5, ọ̀nà 120 ló lè gbà tò wọ́n. Tó bá di 6, ó di 720. Irú ìṣirò yìí ni Dantzig àti Ramser ṣe fún ọkọ̀ epo bẹntiróòlù ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1959. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù kì í rà. Tòmátò tí a kọ́kọ́ kó ló ń pẹ́ jù nínú ooru. Nítorí náà, ká má ka máìlì nìkan, ká ka wákàtí tí ẹrù kọ̀ọ̀kan ń lò nínú ọkọ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé: kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wa máa kọ nǹkan 3 sílẹ̀, aago tó kórè, iye tó wọ ọkọ̀, iye tó dé ọjà láìbàjẹ́. Ká kó o jọ, ká fi í yan ọ̀nà, ká sì jọ háyà ọkọ̀. Gbèsè ẹnì kan nínú wa, ti gbogbo wa ni.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ ọdún.