Ìtọ́jú Ẹni tí Jẹjẹrẹ Mú ní Ẹnu tàbí ní Ọ̀fun



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Ó kan ẹni tí ń ro ẹ̀kọ nínú ilé, ó kan ẹni tí ń lọ kí aláìsàn, ó sì kan gbogbo ìjọ.

Ìtànṣán alágbára tí àwọn dókítà fi ń pa jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun a máa ṣe iṣẹ́ rere, ṣùgbọ́n a máa fi ìyà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó lè ba orísun itọ́ jẹ́, kí ẹnu gbẹ, kí ó sì di egbò. Aláìsàn lè má mọ adùn oúnjẹ mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè le, eyín rẹ̀ a sì máa tètè jẹrà. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí oníṣègùn eyín yẹ̀ ẹ́ wò kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, kí ó yọ èyí tí ó ti bàjẹ́. Nítorí bí a bá yọ eyín lẹ́yìn ìtànṣán, egungun ibẹ̀ lè kọ̀ láti jinná.

Kí ni àwa ará ilé lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí a po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó máa fi ṣan ẹnu nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Kí a mú ata kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú wàrà, ẹyin rírọ̀, àti ewédú tí ń yọ̀ ni kí a fún un, díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Bí ó bá ń húkọ́ nígbà tí ó ń jẹun, kí a tètè sọ fún dókítà, nítorí oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ. Bí wọ́n bá sì fi rọ́bà bọ́ ọ, kí a má ṣe pè é ní àmì ikú. Oúnjẹ ni ó ń gbà á kọjá. Oògùn ìrora pẹ̀lú kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Àwọn mìíràn wà tí àrùn yìí gba ohùn wọn. Ẹ rántí Frederick Kẹta, olú-ọba Jámánì. Ní oṣù Kejì ọdún 1888 ni wọ́n la ọ̀nà èémí sí i lọ́rùn. Ní oṣù Kẹta ó gorí ìtẹ́. Ọjọ́ 99 ni ó fi jọba láìlè sọ̀rọ̀. Ìwé ni ó ń kọ sí àwọn tí ó yí i ká. Ohùn rẹ̀ lọ, ọba ni ó sì jẹ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà.

Ẹ̀yin ará, àwa pàápàá jẹ̀bi. A máa ń sọ̀rọ̀ nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́. Òórùn egbò a sì máa lé wa kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè fọhùn kì í ṣe adití, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkú. Nígbà tí a bá tún lọ kí i, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ́wọ́, kí a jókòó tì í, kí a sì ní sùúrù títí yóò fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.