Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Tó Kú: Ta Ló Pa Á?

  Àwọn aṣáájú ẹ̀ka ní kí á wá sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì Sienna wa ti jẹ́ gan-an, nítorí pé òfófó ti pọ̀ jù. A ó sọ ọ́ bí ó ti rí, títí kan ibi tí kò dùn mọ́ wa nínú.

Gbogbo yín lẹ mọ ọkọ̀ náà. Ti ọdún 1999 ni, tòkunbọ̀, owó àjọ wa la sì fi rà á kí ó lè máa gbé àwọn tó bá jáde iṣẹ́ lóru lọ sílé. Lóru ọjọ́ kan, nítòsí Igbogila, iná ọ́ìlì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbà-gbà-gbà nísàlẹ̀ bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Awakọ̀ wa pa á lójú ẹsẹ̀. Èèyàn méje fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn kí wọ́n tó rí ọ̀kadà.

Ní ìpàdé ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, a ti dá ẹjọ́ tán. A ní awakọ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì, a ní kí akápò máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán. Ọwọ́ tiwa náà wà lókè nígbà tí wọ́n ń ka ìbò. Bàbá kan láàárín àwọn awakọ̀ ló dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá ṣe báyìí sí ẹnì kan nínú yín, kí lẹ ó ṣe?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Òfin Iṣẹ́ ti 1974, ní apá karùn-ún, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí òfò, àfi bí òfò náà bá ti ọwọ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ náà wá, tí ọ̀gá ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Àwa tí a ń fi òfin yìí bá ọ̀gá jà lójoojúmọ́ la fẹ́ rú u. A bá dá ìpinnu náà dúró, a ní kí wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì wò ná.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ gbọ́ ariwo náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló jó, kí á mówó wá kí òun tú orí ẹ́ńjìnnì. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì wọ́ ọkọ̀ lọ. Èkejì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Oja-Odan, kò sọ nǹkan kan. Ó fa gééjì ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì wà níbẹ̀, kò lọ sílẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dúdú bí ọ̀dà. Kò funfun bí ògì, nítorí náà omi kò wọnú rẹ̀. Rediétọ̀ kún, omi rẹ̀ mọ́. Ó wá tú plọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti mẹ́ta ti ẹ̀yìn tí ọwọ́ kì í tètè dé, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fò, ó sì ń de gééjì mọ́ ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sá kọ́kọ́rọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè yí. Ìwé ọkọ̀ ní agbára tó wà nínú sílíńdà ẹ́ńjìnnì yìí, tí wọ́n ń pè ní 1MZ-FE, máa ń tó 218 nígbà tó bá wà ní títun, kò sì gbọdọ̀ dín sí 145. Tiwa tó kéré jù jẹ́ 165, èyí tó ga jù jẹ́ 175.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí sílíńdà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn bá jọ lọ sílẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fura sí. Bí ẹyọ kan bá lọ sílẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i kí ẹ tún un wọ̀n: bó bá gòkè, rín-ìn-gì ló jẹ, bí kò bá gòkè, ẹ wo fáàfù. Tiwa kò sí nínú èyíkéyìí. Orí ẹ́ńjìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀, owó tí a fẹ́ fi tú u ìbá ti ṣòfò.

Ó wá tú ṣíìṣì ọ́ìlì, ó fi gééjì mìíràn sí ipò rẹ̀, ó sì tan ẹ́ńjìnnì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pá gééjì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú òdo. Nígbà tó da ọ́ìlì sínú báàfù nínú oòrùn, ó ń dán yinrinyinrin. Irin bíárìn ló ti lọ̀ kúnná sínú rẹ̀ báyẹn. Ó sọ sọ́ńpù sílẹ̀, àwa náà sì bẹ̀rẹ̀ wò ó: asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè ti dí pátápátá, ẹrẹ̀ dúdú tó ki bí àmàlà àná ló dí i. Ẹ́ńjìnnì kò rí ọ́ìlì mu, ni kíránkì bá jẹ bíárìn rẹ̀.

Ọ́ìlì tó pẹ́ jù ló ń di irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Toyota fúnra wọn kéde pé àwọn yóò ṣàtúnṣe fún àwọn oníbàárà tí ẹrẹ̀ ọ́ìlì bá ba irú ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́ nínú ọkọ̀ 1997 sí 2002, fún ọdún mẹ́jọ. Ìlérí náà ti parí tipẹ́, a kò sì lè di ẹ̀bi tiwa rù wọ́n, nítorí pé awakọ̀ wa mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti béèrè owó láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé "Kí ó ní sùúrù, owó kò tíì wọlé." Ọwọ́ ìkọ̀wé wa ni. A bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ìgbìmọ̀.

A rò ó bóyá kí á fá kíránkì, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. A lọ sí Ladipo ní Mushin, awakọ̀ àti mẹkáníìkì tẹ̀lé wa. Díẹ̀ ló kù kí á ra èyí tí kò bá ọkọ̀ wa mu. Láti 2001 ni Sienna ti ní VVT-i. Tiwa kò ní, bíréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n. A ṣí ìdérí ọ́ìlì gbogbo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé síwájú wa. Níbi tí ẹrẹ̀ bá wà, a kọjá lọ. Èyí tí a rà, ọwọ́ la fi yí i, ó yí wẹ́rẹ́. Ẹ má gbàgbé rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú, pàápàá lójú ọ̀nà bodè tiwa níbi tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń dá ọkọ̀ dúró, kí ẹ sì yí nọ́ńbà náà padà nínú ìwé ọkọ̀.

Kí wọ́n tó gbé e wọlé, a ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn, wọ́tà pọ́ǹpù àti síìlì ẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi tẹ̀mósítátì titun sí i. Ẹnì kan ní kí á yọ tẹ̀mósítátì jù nù, pé ilẹ̀ wa gbóná. A kọ̀. Mẹkáníìkì wa rọra ti kọ́ńfátà wọ inú gíà dé òpin kí ó tó de bóòtù kankan; bí kò bá wọlé tán, pọ́ǹpù gíà ni yóò fọ́. Ó yọ fíúùsì epo, ó ń yí ẹ́ńjìnnì títí iná ọ́ìlì fi kú, kí ó tó jẹ́ kí ó tan.

Mọ́ìlì ni ọkọ̀ wa ń kà. A ti fi sí ìwé ẹgbẹ́ pé ní gbogbo mọ́ìlì 3,000 ni ọ́ìlì yóò máa kúrò, owó rẹ̀ yóò sì máa kúrò nínú àpò kí a tó san owó ìjókòó ìgbìmọ̀. Ó ku mọ́ìlì 200 báyìí. Akápò, awakọ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún un lówó náà kí ó tó lọ gbé àwọn aṣiṣẹ́ òru.