Ẹ Tún Ilé Ṣe Kí Ẹ Tó Ya Fọ́tò Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa)



Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó àti owó àjẹṣẹ́kù la máa ń sọ níbí. Lọ́dún yìí, ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò ilé. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Púpọ̀ nínú wa ló fi owó ẹgbẹ́ yìí kọ́lé. Ẹlòmíì kọ́ yàrá méjì, ẹlòmíì kọ́ fúláàtì. A kọ́ ọ kí owó rẹ́ǹtì lè máa ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ò bá gbé wa dé ọjà mọ́. Bí ilé náà bá wá ṣófo, kí la fẹ́ fi san ẹ̀yáwó?

Láyé ìgbà kan, ẹni tó ń wá ilé á fẹsẹ̀ rìn káàkiri àdúgbò, á máa béèrè lọ́wọ́ onígàárì àti aláṣọ. Nísinsìnyí, inú fóònù ló ti ń kọ́kọ́ wo ilé. Ẹ́jẹ́ǹtì á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, tàbí kó gbé e sórí Jiji. Onítọ̀hún lè wo ogún ilé lórí ìjókòó kó tó wọ mọ́tò. Èyí tí kò bá wù ú nínú fọ́tò, kò tilẹ̀ ní béèrè àdúgbò tó wà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́: ìrínisí ni ìsọnilójọ̀.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ọ̀kan nínú wa nílé sí Mọ́níyà, n'Ìbàdàn níbí. Ó ní kí a sọ ọ́, ṣùgbọ́n a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Mọ́níyà ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, àwọn ará Èkó sì ń béèrè ilé lágbègbè yẹn. Síbẹ̀, fúláàtì ìyá yìí ṣófo fún oṣù mẹ́jọ. Owó ẹgbẹ́ kò wọlé. Àwọn onídùúró méjì tó fọwọ́ sí ìwé fún un bẹ̀rẹ̀ sí í san án látinú àpò wọn. Ó débi pé ọ̀kan nínú wọn kì í kí i mọ́ nínú ọjà, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀ wọn kọjú síra.

Ìgbìmọ̀ wá ní kí ẹ́jẹ́ǹtì fi fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ hàn wá. Háà! Àpò sìmẹ́ńtì wà láàárín pálọ̀. Aṣọ tútù wà lójú fèrèsé. Ọmọrí tọ́yílẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí. Yàrá dúdú bí ẹni pé òru ni. Ewúrẹ́ kan sì dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bíi pé òun ni ayálégbé. Ilé tó dáa ni o, ṣùgbọ́n ta ló máa fi owó ọkọ̀ wá wo èyí?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́fà gbé ìgbálẹ̀ àti garawa, a lọ. A gbálẹ̀, a fọ ilé, a ya fọ́tò tó dáa. Ṣùgbọ́n a ṣe ohun kan tí kò dáa, a ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ògiri yàrá kan ń rin, omi òjò ń gba ibẹ̀ wọlé. A mú kọ́tìnnì, a fi bo ibẹ̀, a ya fọ́tò.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí tọkọtaya kan fi wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ wá láti Èkó. Gbogbo rẹ̀ wù wọ́n. Ìgbà tí wọ́n dé yàrá yẹn, ìyàwó ká kọ́tìnnì sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Kò pariwo o. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin màmá, owó la fi wọkọ̀ wá o." Ojú tì wá. A ò mọ ibi tí a máa kọjú sí.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, èyí tó ń ta tòmátò nínú wa ló sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ wá lára. Ó ní ohun tí a máa ń torí rẹ̀ bá àwọn tó ń kó apẹ̀rẹ̀ wá jà náà la ṣe yẹn: tòmátò tó pọ́n dáadáa lókè, èyí tó ti rà nísàlẹ̀.

A pe bíríkìlà. Ihò ìṣó lórí páànù ni gbogbo wàhálà yẹn ti wá. Ó dí i, a fi ògiri sílẹ̀ títí ó fi gbẹ, wọ́n ha á, wọ́n kùn ún. A tún fọ́tò yà. Tọkọtaya ọjọ́sí ti rí ilé ibòmíì, wọn ò padà wá. Àmọ́ ẹlòmíì dé, ohun tó rí nínú fọ́tò náà ló bá nílé, ó sanwó ọdún kan. Àwọn onídùúró ti gba owó wọn. Àwọn tí kì í kíra wọn yẹn, ẹ wò wọ́n níbẹ̀ yẹn, aṣọ kan náà ni wọ́n rà fún òní.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Èkíní, àtúnṣe ló ṣíwájú. Ẹ wo òrùlé, ẹ̀rọ omi tó ń kán, súìsì tó ti já. Bí ẹ bá kun ọ̀dà lé ògiri tó ṣì tutù, ṣe ló máa bó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọ̀dà funfun tàbí èyí tó jọ wàrà ló dáa jù, nítorí ọ̀dà tó dúdú máa ń mú kí yàrá kéré nínú fọ́tò.

Èkejì, ẹ kó ẹrù kúrò nílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì, bàtà, àpò Ghana-must-go, kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Bí ayálégbé bá ṣì wà nínú ilé, ẹ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ dá ọjọ́ fún un. Ẹ má ṣe wọlé ya fọ́tò nígbà tí kò sí nílé. Ẹrù ẹlẹ́rù ni.

Ẹ̀kẹta, ìmọ́tótó. Ẹ gbá jàǹkárìwọ̀ lókè, ẹ nu fáànù àti gíláàsì fèrèsé. Ẹ fọ ibi tí èéfín ti ba ògiri ilé ìdáná jẹ́. Ẹ fọ tọ́yílẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì dé e. Ẹ ro koríko iwájú ilé, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà.

Ẹ̀kẹrin, fọ́tò yíyà. Àárọ̀ tí ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa ló dára jù, tàbí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú tí fóònù fi ń ya fọ́tò. Ọwọ́ wa tó kan epo àti ata ló ń bà á jẹ́. Ẹ ká kọ́tìnnì, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ dúró sí igun yàrá, kí ẹ gbé fóònù sí ìbú, kó ṣe déédéé àyà yín. Ẹ má kọjú fóònù sí fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, torí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ á mú kí yàrá ṣókùnkùn. Ẹ ya iwájú ilé, pálọ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti tọ́yílẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbàgbé kànga tàbí ẹ̀rọ omi, mítà iná, àti ojú ọ̀nà tó wọ ilé. Ọ̀rọ̀ omi àti iná ni ayálégbé máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré, fọ́tò ẹbí, ìwé ilẹ̀ tàbí kọ́kọ́rọ́ hàn nínú fọ́tò. Gbogbo wa la mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419. Àwọn oníjìbìtì lè mú fọ́tò ilé yín, kí wọ́n fi gba owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín bá yín kọ orúkọ ẹ́jẹ́ǹtì yín sí àárín fọ́tò náà. Bí ilé bá sì ti rí ayálégbé, ẹ sọ fún ẹ́jẹ́ǹtì kó yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò.

Ẹ̀kẹfà, òtítọ́. Bí kò bá sí ẹ̀rọ omi, ẹ sọ pé kànga ló wà. Bí ọ̀nà bá máa ń ní ẹrọ̀fọ̀ lásìkò òjò, ẹ sọ ọ́. Wọ́n máa ń ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwa tí a ń bẹ lọ́jà mọ̀ pé oníbàárà tí a rẹ́ jẹ lónìí, ìsọ̀ ẹlòmíì ló máa yà sí lọ́la. Ayálégbé tí a bá sì tàn wọlé, àwa àti ẹ̀ la jọ máa wà nínú agbo ilé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má jẹ́ kí ilé yín ṣófo fún oṣù mẹ́jọ kí ẹ tó sọ fún ẹgbẹ́. Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Ẹ ké sí wa. A máa gbé ìgbálẹ̀ wá. Omi tútù lẹ máa fún wa mu, a ò gba kọ́bọ̀. Àmọ́ bí ògiri yín bá ń rin, ẹ pe bíríkìlà kí a tó dé, torí a ò ní mú kọ́tìnnì dání mọ́.

Ọjà á tà o. Ilé tí a fi òógùn kọ́ ò ní di ahoro. Ọlọ́run á fi ayálégbé rere ta wá lọ́rẹ. Àmín o.